Alágbàṣe kì í ṣe àdá tí à ń lò sọnù

Kò sí ìyá ọlọ́jà kan ní Ara, ní Ẹdẹ tàbí ní Awo tí yóò sọ pé òun kò mọ àwọn ènìyàn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọjọ́ ọjà ni wọ́n máa ń jáde láti inú oko wá ra iyọ̀, ẹja gbígbẹ, ọṣẹ àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Yorùbá wọn kò já gaara, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọjà á ná. Àwọn kan wá láti Ìpínlẹ̀ Bẹ́núè. Àgátú ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ Ìgedé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, Tífì sì ni àwọn mìíràn. Àwọn kan jẹ́ Ègùn láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn kan jẹ́ Kọ̀tọ̀kọ̀lì láti Tógò. Àwọn ni lébìrà, àwọn ni alágbàṣe. Àwọn ló ń kọ ebè, àwọn ló ń ṣán oko, àwọn ló ń gun ọ̀pẹ, àwọn ló ń hú ẹ̀gẹ́ tó di gàrí tí gbogbo ìlú ń mu.

Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá wá sọ́jà fún ọjọ́ ọjà mẹ́ta, ta ní ń béèrè rẹ̀? Wọ́n á ní bóyá ó ti padà sílé. Nígbà mìíràn, ilé kọ́ ló lọ o. Ejò ló bù ú jẹ, tàbí kẹ́míkà ló wọ̀ ọ́ lára, tàbí àdá ló ṣá a lẹ́sẹ̀ tí egbò náà sì di nǹkan mìíràn. Ó ń bẹ ní àhéré níbi tó dùbúlẹ̀ sí, kò sí ìyá, kò sí ìyàwó, kò sí àbúrò tí yóò bu omi fún un.

ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ti ṣírò rẹ̀ pé ó kéré tán, òṣìṣẹ́ oko 170,000 ní ń kú lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọọdún káàkiri ayé. Wọ́n ní iṣẹ́ mẹ́ta tó léwu jù láyé ni iṣẹ́ oko, iṣẹ́ ìwakùsà àti iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ẹ̀yin bíríkìlà tí ẹ ń gun àkàbà lójoojúmọ́, ẹ gbọ́ o: ẹni tó mú ọkọ́ lọ́wọ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ wà nínú irú ewu tí ẹ̀yin wà.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ ÀLEJÒ NI Ó Ń PA JÙ?

Ejò kò mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò. Kẹ́míkà náà kò mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé onílé ní ẹbí, ó ní ilé nígboro, ó sì ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ alágbàṣe tó bá ṣe àdéhùn ọdún kan kì í gba owó rẹ̀ títí ọdún yóò fi yípo. Ọ̀gá oko ń bọ́ ọ, ó ń fún un níbi tí yóò sùn, ìgbà tí ọdún bá parí ni yóò ka owó fún un, tàbí kí ó ra ọ̀kadà fún un bí wọ́n bá ṣe jọ sọ ọ́. Ètò yìí dára nígbà tí ara bá le. Bí àìsàn bá dé lóṣù kẹfà ńkọ́? Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ó bá ní kí ọ̀gá gbé òun lọ sílé ìwòsàn, wọ́n á ní kò burú, àwọn á yọ ọ́ nínú owó ọdún rẹ̀. Lébìrà á ronú ìyàwó tó fi sílé ní Bẹ́núè, á ronú àwọn ọmọ, á sì gbé àìsàn náà mọ́ra. Á ra oríṣi oògùn mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, á fi agbo lé e, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ènìyàn á ní, “Àwọn Àgátú lágbára, kò sí nǹkan tó ń ṣe wọ́n.” Họ́wù! Ṣé irin ni wọ́n fi ṣe wọ́n ni?

KẸ́MÍKÀ: ỌJÀ NI EWU RẸ̀ TI Ń BẸ̀RẸ̀

Láyé àtijọ́, ọkọ́ àti àdá ni àwọn bàbá fi ń bá koríko jà. Nígbà tí kòkó gbòde ni oògùn dé. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló mọ Gammalin 20 tí wọ́n ń fún sí kòkó láti pa kòkòrò. Kò mọ sínú oko kòkó nìkan. Àwọn kan ń dà á sódò láti fi pa ẹja, wọ́n sì ń gbé ẹja náà wá sọ́jà. Lindane ni orúkọ májèlé tó wà nínú rẹ̀. Ní 2008, ní Doma ní Ìpínlẹ̀ Gombe, àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé girama tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sáré gbé lọ sílé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀wà. Lindane ni wọ́n rí nínú ẹ̀wà náà. Nígbà tó di 2009, àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ti Stockholm ka lindane mọ́ àwọn oògùn tí kò gbọ́dọ̀ sí lóko mọ́.

Lóde òní, kẹ́míkà tí ń jó koríko ló pọ̀ jù lọ́wọ́ alágbàṣe. Paraquat jẹ́ ọ̀kan nínú wọn; Gramoxone ni àwọn àgbà oko mọ̀ ọ́n sí. Paraquat kò ní ẹ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbé díẹ̀ mì lè máa rìn, kó máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n sì máa dúpẹ́ pé ó ti yọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í le, èémí á máa wọ́n ọn, títí yóò fi kú. Ìdí nìyí tí NAFDAC fi fòfin de paraquat láti ọjọ́ 1 oṣù Jánúárì, 2024. Wọ́n fòfin de chlorpyrifos láti ọjọ́ 1 oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún náà, wọ́n sì fòfin de atrazine láti ọjọ́ 1 oṣù Jánúárì, 2025. Ṣùgbọ́n òfin kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú àhéré. Ẹni tó ní ìgò kan nílẹ̀ kò ní dà á nù, á ní owó ni òun fi rà á.

Ẹ wá wo bí lébìrà ṣe ń fún un. Á gbé pọ́ńpù kọ́ ẹ̀yìn láìwọ ẹ̀wù tó nípọn. Ọmọrí pọ́ńpù kò dé dáadáa, kẹ́míkà ń kán sí i lẹ́yìn, ó ń ṣàn dé bàrá ìdí. Ọwọ́ lásán ló fi pò ó. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn nínú koríko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ojú àti imú ló ń gbà á. Bí ẹnu pọ́ńpù bá dí, ẹnu ara rẹ̀ ló máa fi fẹ́ ẹ. Nígbà tí ebi bá pa á, á nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, á jókòó jẹ ẹ̀bà. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ike náà ti sọ gbogbo ohun tí kò yẹ kó ṣe, ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ẹyin iná orí.

Èyí tó wá burú jù, oko kọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ọjà ni. Ẹni tí kò lówó ike ńlá fẹ́ ra díẹ̀. Ọlọ́jà á bù ú fún un sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò tàbí ike omi. Orúkọ kò sí lára rẹ̀ mọ́, ìkìlọ̀ kò sí, àwòrán agbárí òkú kò sí. Wọ́n á gbé e sí igun àhéré. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn ń ta, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ á wọlé, á rí ike, á gbé e sẹ́nu. Ọmọ kékeré náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ike ńlá bá sì ṣófo, wọ́n á ṣan án, wọ́n á fi gbé epo pupa tàbí omi mímu. Yorùbá ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Epo inú ike yẹn, ọjà ló ń bọ̀.

Òwò gan-an ń fara gbá a. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí pé dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Dichlorvos yìí náà ló wà nínú Sniper tí àwọn kan ń fún sórí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.

Bí kẹ́míkà bá dà sí ènìyàn lára, kí wọ́n tètè bọ́ aṣọ rẹ̀, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán. Bí ó bá gbé e mì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Kí wọ́n má ṣe da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e gbà, kí wọ́n sì mú ike kẹ́míkà náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó ń bá jà. Bí ẹni tó ń fún oògùn kòkòrò bá ń làágùn ju bó ṣe yẹ, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí kò rí èémí mí dáadáa, kí wọ́n má pè é ní ibà o. Kẹ́míkà ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn.

EJÒ, ÀDÁ ÀTI IGBÀ

Ní 2017, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ka oró ejò mọ́ àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì. Ta ni ejò ń bù jẹ? Ẹni tó ń ro oko láìwọ bàtà ni, ẹni tó ń rìn lóru láìtan tọ́ọ̀ṣì, ẹni tó sùn sórí ẹní nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ni paramọ́lẹ̀ sábà máa ń bá. Bàtà rọ́bà tó ga dé ojúgun ìbá ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là.

Ohun tí àwọn ènìyàn sì ń ṣe lẹ́yìn tí ejò bá buni jẹ, ó ń dá kún un. Wọ́n á fi okùn de ẹsẹ̀ náà pinpin títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní ráyè lọ, ẹsẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Wọ́n á fi abẹ la ojú ibẹ̀, wọ́n á fi ẹnu fa á, wọ́n á lẹ òkúta dúdú mọ́ ọn. Èyí tó tọ́ ni pé kí ẹni náà jókòó jẹ́jẹ́, kí wọ́n fi igi gbọọrọ mọ́ ẹsẹ̀ náà kó má mì, kí wọ́n yọ òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ tó bá wà níbẹ̀ kí ó tó wú, kí wọ́n sì gbé e lọ. Bí ọ̀kadà nìkan ló wà, kí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kó dì í mú. Abẹ́rẹ́ apa-oró-ejò ni oògùn rẹ̀, ilé ìwòsàn ló sì wà. Oníṣègùn ìbílẹ̀ ní àyè tirẹ̀ láàárín ìlú, ṣùgbọ́n oró ejò kì í dúró dè ènìyàn kó kọ́kọ́ gbìyànjú èyí, kó tó gbìyànjú tọ̀hún.

Àdá náà ńkọ́? Egbò kékeré tí erùpẹ̀ bá wọ̀ lè mú tẹ́tánọ́ọ̀sì wá, àìsàn tí ń de eyín mọ́ra wọn tí ẹnu kò fi ní ṣí mọ́, tí gbogbo ara á sì le bí igi. Ó ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà rẹ̀, abẹ́rẹ́ ọ̀hún náà ni wọ́n ń gún fún àwọn aboyún. Àwọn aboyún mọ̀ ọ́n, wọ́n ń lọ gbà á. Alágbàṣe tó ń fi àdá ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kò gba ọ̀kan rí láti ìgbà tí wọ́n ti dàgbà.

Ní ti àwọn tó ń gun ọ̀pẹ, igbà ni ẹ̀mí wọn rọ̀ mọ́. Igbà tó ti gbó, tí okùn rẹ̀ ti ń já lẹ́yọ lẹ́yọ, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi gun òkè ọ̀pẹ lẹ́yìn òjò. Ẹni tó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, bí kò bá kú, ẹ̀yìn rẹ̀ lè má gbé e dìde mọ́. Kí àwọn tó bá sáré dé ibẹ̀ má ṣe gbé e kọ́ èjìká. Orí pákó pẹlẹbẹ ni kí wọ́n rọra gbé e sí.

OMI ODÒ ÀTI EKU ÀHÉRÉ

Àwọn àgbà rántí sòbìà dáadáa. Ìgbà ìkórè gan-an ló máa ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á jákèjádò Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, iye àwọn tó ní in lọ́dún kan lé ní 650,000. Oṣù Nòfẹ́ńbà 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní in, nígbà tó sì di 2013, WHO kéde pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Kí ló lé e lọ? Kò sí abẹ́rẹ́ kankan fún un. Omi mímọ́ ni, oògùn tí wọ́n ń dà sódò ni, àti aṣọ asẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún. Aṣọ lásán! Ẹ̀yin tẹ́lọ̀ náà, ẹ rí ohun tí aṣọ ṣe.

Àtọ̀sí ajá kò tíì lọ ní tirẹ̀. Inú omi tó dúró ni ìgbín kékeré tó ń tàn án kálẹ̀ ń gbé, àwọn onímọ̀ sì ti rí i lára àwọn ọmọdé tí ilé wọn wà lẹ́bàá ìdídò Erinlẹ̀. Alágbàṣe tó ń wẹ̀ níbẹ̀, tó ń fọ pọ́ńpù níbẹ̀, tó sì ń bu omi rẹ̀ mu, á máa tọ ẹ̀jẹ̀, á sì máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé obìnrin ni òun ti kó o. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, kò sì ṣòro lò.

Eku àhéré náà kò ṣé fojú kéré. Ibà Lassa, tí wọ́n fi orúkọ ìlú kan ní Borno pè ní 1969, ara eku ló ti ń wá. Àwọn Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ẹdó ló máa ń pọ̀ sí jù ní gúúsù, àwọn alágbàṣe kan náà ló sì ń ṣíṣẹ́ káàkiri láti ibí dé ọ̀hún. Kí wọ́n dé gàrí, kí wọ́n bo àgbàdo, kí wọ́n má ṣe sá oúnjẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

YORÙBÁ NÁÀ TI ṢE ÀLEJÒ RÍ

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé, “Kí ló kàn mí kan Àgátú?” kó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Èjìgbò, ọ̀pọ̀ wọn ló lọ sí Gáná lọ ṣòwò, lọ ṣe lébìrà lóko kòkó àti níbi ìwakùsà. Ọjọ́ 18 oṣù Nòfẹ́ńbà, 1969, ìjọba Busia fún àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi kó ẹrù wọn kúrò. Ẹkún tí wọ́n sun lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ wọn ṣì ń ròyìn rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Jánúárì 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gáná. Bí ayé ṣe ń yí nìyẹn. Títí di òní, àwọn ọmọ Èjìgbò kún Côte d'Ivoire. Ohun tí ìyá wọn nílé ń gbàdúrà fún ni pé kí ẹni tí wọ́n bá pàdé ṣàánú wọn. Ìyá ọmọ Ìgedé ń gbàdúrà kan náà ní Bẹ́núè.

KÍ NI KÍ ONÍKÁLUKÚ ṢE?

Ẹ̀yin ọ̀gá oko, kí ẹ tó bá lébìrà ṣàdéhùn, ẹ ra bàtà rọ́bà, ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀wù alápá gígùn sílẹ̀ fún un bí ẹ ṣe ń ra àdá. Kí owó ilé ìwòsàn fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ti ọ̀gá, kó má ṣe jẹ́ yíyọ nínú owó ọdún. Òfin Nàìjíríà ti 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ní kí ọ̀gá iṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sí àpò NSITF, kí ẹni tó bá fara pa lè rí nǹkan gbà. Ọ̀pọ̀ oko kékeré kò sí nínú ètò náà. Àdéhùn tí ILO ṣe ní 2001 lórí ààbò òṣìṣẹ́ oko sì sọ ọ́ pé ààbò tó wà fún òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é títí ọdún ló gbọ́dọ̀ wà fún ẹni tó wá ṣe é fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọmọdé sídìí kẹ́míkà. Ọmọ tí kò tíì gbó kò gbọ́dọ̀ gbé pọ́ńpù kọ́ ẹ̀yìn, ì báà jẹ́ bàbá rẹ̀ ló mú un wá.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ta kẹ́míkà, ẹ má ṣe bù ú sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò mọ́. Ẹni tí kò bá lè ra ike tó ní orúkọ, kó dúró dìgbà tó bá lówó. Ẹ jókòó ti ẹni tó wá rà á, ẹ ka ohun tó wà lára ike fún un ní èdè tó gbọ́. Ẹ̀yin ẹlẹ́pọ, ẹ má gba ike kẹ́míkà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ gún un nísàlẹ̀ kó má ṣeé lò mọ́.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ejò bù jẹ kì í ṣe èrò tí à ń nájà fún. Ẹ kọ́kọ́ gbé e dé Ẹdẹ tàbí Òṣogbo, owó á tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin alágbàṣe tí ẹnìkan bá ka ìwé yìí sí létí, ẹ jọ sọ ọ́ pọ̀ láàárín ara yín kí àìsàn tó dé. Ẹ mọ ilé ìwòsàn tó súnmọ́ oko yín jù, ẹ fi nọ́ńbà ọlọ́kadà kan pamọ́, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí á sùn lóru. Ẹni tó ro oko tí a jẹ gàrí rẹ̀ ti di ará ilé. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, bí lébìrà tó máa ń wá ra iyọ̀ kò bá yọjú, kí ìyá oníyọ̀ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.